Ewúrẹ́ tó jẹ èèpo ẹ̀gẹ́: báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń rí agbára?

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tòní.

Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá mi àgbà ní abúlé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gàrí. Wọ́n ní kí n kó èèpo rẹ̀ lọ sá sórí àpáta, kí n sì dúró tì í kí ewúrẹ́ má baà débẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni mo lọ gbá. Ìgbà tí màá fi padà dé, ọ̀kan nínú àwọn ewúrẹ́ wọn ti jẹ èèpo tútù yẹn yó. Kò pẹ́ rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ṣubú. Bàbá kan ládùúgbò sáré mú ọ̀bẹ wá láti dú u kó má baà di òkúǹbete. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde pupa fòò. Ṣùgbọ́n ìyá mi àgbà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ ẹran náà, wọ́n ní ká gbẹ́lẹ̀ ká sin ín. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Oró inú ẹ̀gẹ́ ló pa á."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ewúrẹ́ yẹn ń mí, àbí? Kódà, ó ń mí ju bó ṣe yẹ lọ. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé e kiri. Kí ló wá dé tó fi kú bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn? Mo dé yunifásítì kí n tó rí ìdáhùn, ìdáhùn náà sì ni gbogbo ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí: bí ewé ṣe ń fi oòrùn dáná, bí ara wa ṣe ń ná ohun tí ewé sè, àti ibi kékeré kan tí gbogbo rẹ̀ ti lè dúró gbọin.

Owó ńlá àti ṣéńjì

Ara èèyàn, ara ewúrẹ́, ara igi ẹ̀gẹ́, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi kọ́ gbogbo wọn. Sẹ́ẹ̀lì kéré débi pé ojú lásán kò lè rí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, síbẹ̀ iṣẹ́ kì í tán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń kọ́, wọ́n ń tún ara wọn ṣe, wọ́n ń kó ẹrù wọlé, wọ́n ń kó ìdọ̀tí jáde. Gbogbo iṣẹ́ yìí ló ń fẹ́ agbára. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì sì ń ná bí owó fún iṣẹ́ wọ̀nyí là ń pè ní ATP.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fẹ́ wọ dáńfó. ₦1,000 ló wà lọ́wọ́ yín, owó ọkọ̀ sì jẹ́ ₦200. Kọ́ńdọ̀ á ti máa pariwo: "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Owó wà lọ́wọ́ yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé ná níbẹ̀ àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ. Oúnjẹ tí a ń jẹ ni owó ńlá yẹn. ATP ni ṣéńjì tí gbogbo ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì ń gbà.

Ègé phosphate mẹ́ta ló so mọ́ra wọn lára ATP kọ̀ọ̀kan. Tí èyí tó wà ní ìparí bá já kúrò, agbára á jáde, sẹ́ẹ̀lì á sì fi ṣiṣẹ́. Ohun tó kù là ń pè ní ADP. ADP kì í ṣe pàǹtí o. Bátìrì tó ti lọ sílẹ̀ ni, ó ń dúró kí wọ́n tún un ṣáàjì. ATP tó wà nínú gbogbo ara yín lẹ́ẹ̀kan náà kì í sábà ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ. Ṣùgbọ́n tí a bá ṣírò gbogbo èyí tí ara ń ná láti àárọ̀ ọjọ́ kan sí àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwọ̀n rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n ara yín fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ni a ń tún bátìrì kan náà ṣáàjì lójúmọ́. Ta ló ń ṣáàjì rẹ̀? Ibẹ̀ là ń lọ.

Ewé: níbi tí oòrùn ti ń di oúnjẹ

Ẹ lọ wo oko ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án gangan. Ó dà bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ń lọ lọ́wọ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì ewé kọ̀ọ̀kan, àwọn nǹkan rogodo kéékèèké kan wà tó ń jẹ́ chloroplast. Inú wọn ni chlorophyll wà, èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ pupa àti búlúù ló ń gbà jù. Ó ń dá púpọ̀ nínú àwọ̀ ewé padà, ìyẹn ló sì fà á tí ewé fi rí bó ṣe rí lójú wa. Àwọ̀ tí ewé ò fi bẹ́ẹ̀ lò ni àwa ń rí!

Iṣẹ́ inú chloroplast pín sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ á ta electron jí kúrò lára chlorophyll. Kí àlàfo yẹn lè dí, chloroplast á fọ́ omi sí wẹ́wẹ́, á mú electron láti inú rẹ̀. Ọ́síjìn tó ṣẹ́kù lára omi náà á wá jáde sínú afẹ́fẹ́. Ẹ ò rí i pé ọ́síjìn tí ẹ ń mí sínú báyìí, omi ni ewé ti yọ ọ́. Kì í ṣe inú kábọ́nì dáyọ́ksáìdì gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò nílé ẹ̀kọ́. Ọdún 1941 ni Samuel Ruben àti Martin Kamen pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi irú ọ́síjìn kan tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni pé chloroplast á fi agbára tó ti rí kó kábọ́nì dáyọ́ksáìdì jọ, á sọ ọ́ di ṣúgà. Melvin Calvin àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló tọ ipa ọ̀nà yìí, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1961 nítorí rẹ̀. Ṣúgà yìí ló ń gba inú igi ẹ̀gẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, tó ń di sítáàṣì. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá mu gàrí pẹ̀lú omi tútù àti ẹ̀pà, oòrùn tó ràn ní oko ẹnì kan ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn lẹ ń mu yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n tún àṣìṣe kan ṣe kí n tó kúrò níbí. Àwọn kan máa ń sọ pé "ẹranko ní mitochondria, ewéko ní chloroplast." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ewéko ní méjèèjì. Gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ wà nínú òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀, oòrùn ò débẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ rí ATP? Mitochondria tirẹ̀ ló ń lò, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Lóru, nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀, ewé pàápàá ń gbára lé mitochondria.

Mitochondria: níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó

A ti jẹ gàrí. Sítáàṣì rẹ̀ ti di glucose, glucose sì ti dé inú sẹ́ẹ̀lì. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì dé mitochondria rárá. Sẹ́ẹ̀lì á gé glucose kan sí méjì, èrè ibẹ̀ sì jẹ́ ATP 2 péré. Kò nílò ọ́síjìn. Ọ̀nà yìí ni iṣan yín ń sá lọ nígbà tí ẹ bá ń sáré àsápajúdé, tí afẹ́fẹ́ ò tó mọ́.

Lẹ́yìn náà ni èyí tí a gé á wọ mitochondria. Níbẹ̀, wọ́n á tú u palẹ̀ pátápátá nínú ìyípo kan tí Hans Krebs ṣàlàyé ní ọdún 1937. Kábọ́nì inú rẹ̀ á di kábọ́nì dáyọ́ksáìdì, òun la sì ń mí síta. Electron inú rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ gan-an.

Ẹ ti rí àwọn lébírà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé rí? Wọ́n á tò sórí ìlà, ẹni àkọ́kọ́ á gbé búlọ́ọ̀kù fún ẹnì kejì, ẹnì kejì fún ẹ̀kẹta, títí tó fi máa dé ọ̀dọ̀ bíríkìlà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé electron láti ọwọ́ dé ọwọ́ lára awọ inú mitochondria. Ta ni bíríkìlà tó wà ní ìparí ìlà? Ọ́síjìn ni. Ọ́síjìn á gba electron, á dara pọ̀ mọ́ proton, wọ́n á di omi. Iṣẹ́ tí ọ́síjìn ń ṣe nínú ara wa gan-an nìyẹn. Torí pé a nílò ẹni tó máa gba ẹrù ní ìparí ìlà la ṣe ń mí látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Kainji inú sẹ́ẹ̀lì

Ó dáa, wọ́n ń gbé electron kiri. Báwo ni ìyẹn ṣe ń ṣáàjì ATP? Ìbéèrè yìí da àwọn onímọ̀ láàmú fún ọdún púpọ̀. Lọ́dún 1961, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Mitchell, mú àbá kan wá tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ó ní kì í ṣe electron fúnra rẹ̀ ló ń ṣáàjì ATP. Ó ní bí electron ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, wọ́n ń lo agbára rẹ̀ láti fa proton láti inú mitochondria lọ sí ẹ̀yìn awọ. Proton á wá pọ̀ rẹpẹtẹ níbẹ̀, wọ́n á máa wá ọ̀nà àtipadà.

Ẹ rántí ìsédò Kainji. Wọ́n dí odò Ọya, omi kó jọ sẹ́yìn ògiri. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fún un láti sọ̀kalẹ̀ wá, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ wà, bí omi bá sì ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá ló ń yí ẹ̀rọ, iná á sì dé. (Ẹ má bi mí bóyá ó dé àdúgbò yín.) Ohun tí Mitchell sọ nìyẹn: awọ mitochondria ni ògiri, proton ni omi, ẹ̀rọ tó ń yí ni ATP synthase.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò gbà á gbọ́. Lọ́dún 1966, André Jagendorf àti Ernest Uribe dán an wò. Wọ́n rẹ apá kan inú chloroplast ẹ̀fọ́ spinach sínú omi kíkan nínú òkùnkùn kí proton lè kún inú rẹ̀, wọ́n sì yára gbé e bọ inú omi tí kò kan. ATP jáde, láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan! Proton tó ń sáré padà ti tó. Lọ́dún 1978, Mitchell gba ẹ̀bùn Nobel. Ẹ tún kíyè sí i: inú chloroplast ni wọ́n ti dán an wò, ọgbọ́n kan náà ló sì wà nínú mitochondria. Ẹ̀rọ ewé àti ẹ̀rọ tiwa, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Pé ẹ̀rọ náà ń yí, kì í ṣe àfiwé lásán. Paul Boyer àti John Walker gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1997 nítorí pé wọ́n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ ní Japan so okùn tíńrín kan tó ń tan ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì fi máíkíróskóòpù wò ó bó ṣe ń yí gírígírí. Ìyípo kan, ATP mẹ́ta. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, glucose kan tí kì bá fún wa ju ATP 2 lọ ń fún wa ní nǹkan bí 30 sí 32.

Àfikún kékeré: mitochondria ní DNA tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé bakitéríà tó ń dá gbé ni àwọn baba ńlá rẹ̀ kí wọ́n tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì mìíràn, tí wọ́n sì di ará ilé. Ọ̀rọ̀ tí Lynn Margulis tẹ̀ jáde ní ọdún 1967 nìyẹn, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ìmọ̀ ti kọ̀ ọ́. Bákan náà ni chloroplast. Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan sì ni a ti ń jogún mitochondria. Ẹ̀yin àti iyèkan yín, orísun kan náà ni tiyín. Ọbàkan ò sí níbẹ̀.

Kí ló wá pa ewúrẹ́ yẹn?

Ẹ̀gẹ́ ní nǹkan kan nínú tó ń jẹ́ linamarin. Linamarin fúnra rẹ̀ jókòó jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n enzyme kan wà ní apá ibòmíràn nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́, ara ògiri sẹ́ẹ̀lì ló ń gbé. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà lódindi, àwọn méjèèjì kì í pàdé. Ìgbà tí eyín bá rún un ni wọ́n máa pàdé, ohun tó sì máa jáde lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni cyanide. Ìjà tí ẹ̀gẹ́ fi ń gbèjà ara rẹ̀ nìyẹn. Èèpo ló sì máa ń ní in jù.

Nínú ara ewúrẹ́ yẹn, cyanide gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú mitochondria. Ó lọ bá ẹni tó kẹ́yìn lórí ìlà, ẹni tó yẹ kó gbé electron fún ọ́síjìn, ó sì so mọ́ irin tó wà láàárín rẹ̀ pinpin. Ìyẹn ti parí. Bíríkìlà wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbé búlọ́ọ̀kù fún un ò lè nawọ́ mọ́. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ló dúró pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Kò sí proton tí wọ́n ń fà mọ́, ẹ̀rọ Kainji dúró, ATP ò jáde. Ọpọlọ àti ọkàn ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, nítorí wọn ò lè fi ATP 2 yẹn gbé ayé.

Ìdí nìyẹn tí ewúrẹ́ fi ń mí hẹlẹhẹlẹ lásán. Ìdí nìyẹn náà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi pupa fòò: ọ́síjìn kún inú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ò rí i lò. Kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ ò wọlé. Ìdáná ló kú.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí ẹ̀gẹ́ ò pa ara rẹ̀? Yàtọ̀ sí pé ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, mitochondria ewéko ní ọ̀nà ẹ̀bùrú kan tí electron lè gbà dé ọ̀dọ̀ ọ́síjìn, tí cyanide ò lè dí. Àwa ò ní i.

Ọgbọ́n tó wà nínú gàrí

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa nìyí. Tí ẹ bá ju ẹ̀gẹ́ olóró sínú omi gbígbóná lójijì, ooru á pa enzyme yẹn kó tó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n linamarin á ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, sísè nìkan ò tó fún irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe. Wọ́n á bó èèpo dànù. Wọ́n á rin ẹ̀gẹ́: enzyme àti linamarin á pàdé, oró á bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀. Wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mélòó kan kó fi kan: omi ń jáde, oró ń bá a lọ. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á yan án: cyanide tó kù á fò lọ, nítorí nǹkan bí 26°C ló ti ń hó. Ní ti láfún àti fùfú, inú omi ni wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí fún ọjọ́ bíi mẹ́ta sí márùn-ún kó fi rọ̀.

Nígbà tí èèyàn bá gé ìgbésẹ̀ yìí kúrú ńkọ́? Lọ́dún 1981, ní Nampula ní Mozambique, ọ̀dá dá, ebi ń pa àwọn èèyàn, wọn ò sì lè dúró de ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ olóró yóò pé. Èèyàn tó lé ní 1,000 ni ẹsẹ̀ wọn rọ. Àrùn náà là ń pè ní konzo. Nílẹ̀ wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 1968 nípa àwọn èèyàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí ojú àti etí wọn ń ṣú, tí ẹ̀gẹ́ sì jẹ́ olórí oúnjẹ wọn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bóyá cyanide nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ló la ojú ọ̀pọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ má bẹ̀rù gàrí o. Èmi náà ń mu ún, pàápàá ní ìparí oṣù. Ara wa ní enzyme kan tó ń sọ cyanide kékeré di ohun tí a lè tọ̀ dànù, inú mitochondria gan-an ló wà. Sulphur ló ń lò fún iṣẹ́ yìí, inú oúnjẹ amáradàgbà la sì ti ń rí sulphur: ẹja, ẹyin, ẹran, ẹ̀wà, ẹ̀pà. Nítorí náà, ẹni tó ń da ẹ̀pà sí gàrí tàbí tó ń fi ẹja jẹ ẹ́, kì í ṣe adùn nìkan ló ń wá.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni èyí. Tí ẹ bá ń ṣe gàrí, tàbí tí ẹ mọ ẹni tó ń ṣe é, ẹ sọ fún un pé kó má rin ín lónìí kó sì yan án lónìí torí pé ọjà ti fẹ́ ná. Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi ń kan nínú àpò kì í ṣe ìfàkókò-ṣòfò. Tí ẹ bá sì ń sin ẹran, ẹ má fún wọn ní èèpo tútù. Ẹ sá a gbẹ dáadáa ná.

Ìyá mi àgbà ò nà mí lọ́jọ́ náà. Wọ́n kàn ní kí n lọ kó èèpo tó kù jọ, kí n sì jókòó tì í. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn ò mọ mitochondria, wọn ò gbọ́ orúkọ Mitchell rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ lò lábẹ́ òkúta. Èmi ti wá mọ ìdí rẹ̀ báyìí, ẹ̀yin náà sì ti mọ̀ ọ́n.

Ó dìgbà kan ná.